Ìyá Tó Kú Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ bá mi bi í o, ta ló ń fi ayálégbé sí yàrá ẹni tí kò tíì kú? Ohun tí Alábẹ́rẹ́ bá nìyẹn lọ́jọ́ tó ti ilé padà dé òkè òkun. Àbúrò rẹ̀, oníbúrẹ́dì, ti fi àjèjì sórí ibùsùn rẹ̀, ó sì ti ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní owó ilé ló fà á. Alábẹ́rẹ́ ní kò burú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò gbà á. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọdún méjì ló ti fi ń tọ́jú ìyá wọn nílé, títí ìyá fi dákẹ́. Níbi tí wọ́n ń gbé yìí, ẹni tó bá lò ju ọdún kan lọ níta ìlú náà, ìwé ìgbélùú rẹ̀ bọ́ nìyẹn, àfi tó bá ní ìdí pàtàkì. Bí ìwé bá bọ́, ṣọ́ọ̀bù lọ, oníbàárà lọ, ogún ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wọgbó.

Wọ́n pè é sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìwé ìgbélùú. Àbúrò bá a lọ ṣe ẹlẹ́rìí. Ògbufọ̀, ọmọ ilé wa kan, jókòó ti obìnrin tó ń ṣèwádìí.

"Ta lẹ lọ tọ́jú?"

"Ìyá mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ẹ ní ìyá yín kú lórí ìkúnlẹ̀ yín. Ìyá mélòó lẹ ní gan-an?"

Alábẹ́rẹ́ yíjú sí àbúrò rẹ̀. Àbí eléyìí ti gbọ́ ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un láti kékeré? Àbí òun ló ta àwọn ará ọ́fíìsì yìí lólobó, kí yàrá lè di tirẹ̀?

Ni àbúrò bá fò dìde. "Irọ́ ni! Ìyá kan náà ló bí wa! Ọmú kan náà la jọ mu!"

Háà, ọmọ yìí! Kò mọ nǹkan kan rárá. Ìfẹ́ ló fi ń gbẹ́ kòtò fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ti Alábẹ́rẹ́ fún gbogbo ohun tó ti rò sí i. Obìnrin náà sì ti gbé bírò láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni Alábẹ́rẹ́ pa nígbà tó kọ́kọ́ dé.

"Ìyá tó bí mi kú lórí ìkúnlẹ̀ mi," ni Alábẹ́rẹ́ sọ. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wò mí dàgbà. Òun ló bí eléyìí."

Nínú ilé wọn, ẹnikẹ́ni kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rọra jókòó.

"Ọmọ tó bí gan-an wà níbí," ni obìnrin náà wí. "Kí ló dé tí òun kò lọ?"

"Ìyá mi ni mo wí fún yín!" ni Alábẹ́rẹ́ figbe ta.

Ògbufọ̀ wúkọ́, kò tètè túmọ̀ rẹ̀. Àbúrò ló sọ̀rọ̀, ó dorí kodò. "Ẹ̀rù ló bà mí, kí ìwé tèmi má baà bọ́. Èmi ni mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n lọ dípò mi."

Ògbufọ̀ wá ṣàlàyé, ó ṣàlàyé títí, pé nílé wa, ẹni tó wo ọmọ dàgbà, ìyá rẹ̀ náà ni. Nígbà tó yá, obìnrin náà lu òǹtẹ̀. Ìwé kò bọ́ mọ́.

Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀ yẹn?"

"Òótọ́ wo? Ìwé ni mò ń wá jàre, irọ́ ni mo pa fún wọn."

"Ẹ mà mọ irọ́ pa o!"

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi délé, ó ń yọ́ imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń wá ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra.