Ṣẹ́ẹ̀tì Ọ̀gá

Láti òwúrọ̀ ni ara Alágbàfọ̀ kò ti balẹ̀. Ó lọ aṣọ díẹ̀, ó wo fóònù. Ó tún lọ díẹ̀, ó tún wò ó. Agogo méjì ọ̀sán ni ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìjórin àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà nílé, máa dé. Bí wẹ́dà bá ta ẹ̀rọ, á fi owó rẹ̀ wọkọ̀ wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ ayé nìyẹn. Ayé wo?

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Alágbàfọ̀ fi ṣe ara rẹ̀. Bó bá ti lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá tán, á wọ̀ ọ́, á dúró níwájú dígí pálọ̀, á ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tiẹ̀ ò tíì wọ bàtà.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjì lù, Alágbàfọ̀ pe àbúrò rẹ̀ ní fídíò, wọ́n sì ń rí ojú ara wọn.

"Ọba Adití!" ni wẹ́dà kí i. "Ẹ̀gbọ́n tí a ń pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó dáhùn!"

"Má ta ẹ̀rọ yẹn. Aṣọ ni mò ń fọ̀ níbí. Ọ̀gá mi ló ni gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì yẹn."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ti gun òkè tán, ẹ wá fẹ́ yọ àkàbà?"

Alágbàfọ̀ yí fóònù káàkiri: ẹní, ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì, ìbọ̀sẹ̀ tútù lórí okùn. "Ibi tí mò ń sùn rèé."

"Ibi tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ń sùn nìyẹn. Ẹ ò ṣáà fẹ́ kí èmi náà là!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Bó ṣe fẹ́ fèsì ni ìyàwó ọ̀gá ké láti òkè: "Alágbàfọ̀!"

"Mo ń bọ̀ mà! Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú!"

Ohùn Alágbàfọ̀ tín-ín-rín bí ti ọmọdé. Kí obìnrin yẹn tó pa ẹnu dé, ó ti ju fóònù sórí aṣọ, ó ti dé ìdí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó padà dé, àbúrò rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Alágbàfọ̀ gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó máa lọ, òun ò tà mọ́.

Ó yẹ kí ara Alágbàfọ̀ balẹ̀ wàyí, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Láti kékeré, òun ló máa ń bi àbúrò ní ìbéèrè kan. Àbúrò ló wá ń bi í lónìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti yó," ló wí.

Àbúrò rẹ̀ ò gbà á gbọ́.