Èédú Abẹ́ Ọ̀já Ológun

Imú Ajá ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀. Ẹni tó ń tún aṣọ àtijọ́ ṣe tí kò gbóòórùn, ó yáa lọ máa mọ bíríkì. Kí olùkọ́ iléèwé kan tó wọlé ni mo ti mọ ohun tó gbé wá: aṣọ tó ti bu, kàfúrà, pẹ̀lú lọ́fínńdà olówó pọ́ọ́kú lórí gbogbo rẹ̀.

“Ta ló da lọ́fínńdà sí i?” N kò tíì kí i tí mo ti ń pariwo.

“Èmi ni, mà. Mo ní kó lè bo òórùn yẹn mọ́lẹ̀ ni.”

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹni tí ò wẹ̀ ló ń kun àtíkè?”

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó di àpò náà mú bí ẹni pé mo fẹ́ gbà á sá lọ. Ọ̀já sẹ́dà pupa ló wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀gá ológun ayé àtijọ́ ń gbé kọ́ èjìká, wàjàwàjà oníwúrà létí rẹ̀. Ọkọ ìyá ló ni ín. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ ojú ogun ló bọ́ ọ sílẹ̀, ó ní kí ìyàwó òun bá òun tọ́jú rẹ̀. Kò padà wá. Wọn kò rí òkú, wọn kò gbẹ́ sàréè. Ní báyìí, bárékè fẹ́ kó ohun ìní àwọn tí kò padà sínú àpótí onígíláàsì ní gbọ̀ngàn wọn, ṣùgbọ́n alábòójútó ibẹ̀ dá ọ̀já náà padà. Ó ní òórùn rẹ̀ á ran tàwọn yòókù.

“Ẹ bá wa fọ̀ ọ́,” ni olùkọ́ wí.

“Mo fẹ́ kó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀,” ni ìyá wí. “Ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ nìkan ló kù fún mi.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé òórùn kàfúrà tóun fúnra rẹ̀ ń kó sí i ló ń gbọ́?

Fọ̀ kẹ̀? Mo fi òwú tútù kan igun rẹ̀, òwú náà pọ́n lójú ẹsẹ̀. Omi á bà á jẹ́, oòrùn á sì mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Sùúrù ni ọṣẹ irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Mo ta àwọ̀n lé e, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku rẹ̀ láti orí àwọ̀n, mo sì fi í sí ibòji létí fèrèsé. Lẹ́yìn náà, mo da èédú gbígbẹ sísàlẹ̀ ike ńlá kan, mo tẹ́ ọ̀já sókè rẹ̀ nínú aṣọ funfun kí èédú má baà kàn án, mo sì dé e. Èédú a máa fa òórùn mu.

Lọ́fínńdà ló kọ́kọ́ lọ, aláìnítìjú. Kàfúrà rọra tẹ̀lé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí ọmọrí, mo sì fà sẹ́yìn. Tábà. Ìpara irun. Òógùn ọrùn ọkùnrin. Àárò ẹni tí n kò mọ̀ rí sọ mí.

Mo lè dákẹ́. Ká ní mo dákẹ́ ni, èédú ì bá mu òun náà. Mo pe olùkọ́ lórí fóònù: “Ẹ gbé ìyá wá kíá.”

Ìyá tẹ orí sínú ike náà. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

“Òun nìyí,” ló wí. “Áà! Kàfúrà ni mo ti ń gbá mọ́ra láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo bo ọkọ mi mọ́lẹ̀.”

“Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé báyìí,” ni olùkọ́ wí, ó ń sunkún.

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Òórùn bíbu ṣì wà níbẹ̀, bárékè ò ní gbà á àfi kí n tún dé e, èédú á sì mu tọkùnrin náà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá sì gbé e lọ sílé, atẹ́gùn á mú ọkùnrin náà lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìyá jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. N kò tẹ́tí, mo gbìyànjú ṣá. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ mú ọmọrí. “Bàbá ẹ ò fẹ́ràn kó máa dá wà,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Jẹ́ kó máa lọ.” Ó dé ike náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gba ọ̀já, pupa rẹ̀ ṣì dúró digbí, kò sì ní òórùn kankan mọ́. Inú olùkọ́ dùn. Ìyá kò tiẹ̀ gbé e sí imú. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ń wò yíká.

“Èédú yẹn ńkọ́?”

“Mo ti dì í, mà. Mo fẹ́ lọ dà á nù ni.”

“Jọ̀ọ́, ọmọ mi,” ló wí, ó na ọwọ́ méjèèjì. “Bá mi gbé e wá.”

Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé èédú kì í pọ ohun tó bá gbé mì. Imú Ajá ni mí, mo ti gbóòórùn rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gbá a mọ́ àyà, dúdú rẹ̀ kùn ún láṣọ, kò sì gbọ̀n ọ́n nù.