Ọmọ Mẹ́wàá fún Eré Ọ̀fẹ́

Kò sí ẹ̀wù kan tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé eré tíátà àdúgbò tí Ìyá Alágbàfọ̀ kò mọ ibi tó ti ya rí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kó aṣọ wọn lọ sílé, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń lọ̀ ọ́, tó ń kó o padà. Ṣùgbọ́n eré fúnra rẹ̀, kò wò ó rí. Ta ló fẹ́ fi owó aṣọ ogún tó fọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo?

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló kó o sí wàhálà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Lọ́jọ́ kan ó bá aṣọ ọ̀nì kan lórí okùn, aṣọ aláwọ̀ ewé, ìrù rẹ̀ gùn dé ilẹ̀.

"Ìyá àgbà, ta ló ń wọ èyí?"

"Àwọn onítíátà ni."

"Ṣé ó máa ń rìn?"

"Ó ń rìn. Ó ń sáré pàápàá."

"Mo fẹ́ rí i."

"Wàá rí i."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ìyá kó tó mọ̀. Rédíò sì ti sáré lọ ròyìn fún gbogbo ilé.

Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá eré kiri. Ó dé yàrá ìkàwé àdúgbò. Ọ̀fẹ́ ni tiwọn, àmọ́ wákàtí méjì gbáko ni, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló sì kún inú rẹ̀. Ó dé gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Tiwọn ò wọ́n, àmọ́ wọ́n ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ ò gbọdọ̀ wọlé. Èyí tó bá àpò mu, kò bá ọmọ mu.

Lọ́jọ́ tó kó aṣọ padà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì olùdarí eré. Ó dúró pẹ́. Obìnrin tín-ínrín kan ni olùdarí náà, ó máa ń ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun.

"Mà... ẹ jọ̀ọ́... ṣé kò sí ibì kan... lẹ́yìn pátápátá... tí ọmọ kékeré kan lè dúró sí?"

Olùdarí gbójú sókè. "Ọmọ ọdún mélòó, ìyá?"

Ìyá rántí gbọ̀ngàn ilé ìwé. Kí ló dé tó ń béèrè ọjọ́ orí? "Márùn-ún, mà. Kò tóbi. Kò ní gba àyè."

"Irú wọn gan-an ni mo ń wá! Lọ́jọ́bọ̀ la máa ṣe ìdánrawò ìkẹyìn, pẹ̀lú aṣọ àti iná. Mo fẹ́ káwọn ọmọdé wò ó káwọn tó ń sanwó tó dé. Ẹ mú ọmọ mẹ́wàá wá, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá dùn mọ́ wọn, a ó máa ṣe é lóṣooṣù fáwọn ọmọ àdúgbò, lówó pọ́ọ́kú. Tí kò bá dùn mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ oṣooṣù parí nìyẹn."

Ìyá lọ láti ojúlé dé ojúlé. Onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì ilé rẹ̀, bàbá ìbejì ọlọ́dún mẹ́rin, rẹ́rìn-ín títí abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ìyá àgbà, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi ọdún kan fọ aṣọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni!"

"Ṣé o máa fún mi ní ìbejì ni àbí o ò ní fún mi?"

"Ẹ máa kó wọn lọ o. Kí wọ́n tiẹ̀ sun ibẹ̀."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, ìyá to àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síwájú ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ọ̀kan bá pariwo ńkọ́? Bí wọ́n bá lé wọn jáde lójú gbogbo èèyàn ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ètè.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá la ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, ilé ló ń lọ tààrà. Kò sí ẹ̀rín, kò sí ìbéèrè. Rédíò, ṣé o gbọ́?"

Rédíò kàn mi orí pé òun gbọ́.

Wọ́n jókòó. Iná lọ sílẹ̀, àmọ́ kò kú tán. Apẹja kan jáde sórí ìtàgé, ó ju ìwọ̀ sódò, oorun gbé e lọ. Ọ̀nì yọ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Apẹja ta jí, ó kọjú sáwọn ọmọ.

"Ẹ̀yin ọmọ! Ṣé ẹ rí ọ̀nì kankan níbí?"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Mo ní, ṣé ẹ rí ọ̀nì?"

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn ìbejì fi ọwọ́ bo ara wọn lẹ́nu. Rédíò di ètè rẹ̀ pinpin, omijé ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀nì ń jẹ ẹja inú agbọ̀n lọ ní tirẹ̀. Apẹja ò mọ èyí tóun ì bá ṣe mọ́.

Olùdarí fẹnu sétí ẹni tó ń bójú tó iná, àmọ́ ìyá gbọ́ ohun tó sọ: "Kò wọ̀ wọ́n lára rárá. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé ọ̀rọ̀ oṣooṣù yẹn."

Òun ló dì wọ́n lẹ́nu, òun náà ló máa tú u. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo olùdarí. Ó wo ojú Rédíò. Ó dìde.

"Ẹ̀yìn rẹ!" Ó na ọwọ́ sí ọ̀nì náà. "Ìwọ apẹja yìí! Ẹ̀yìn rẹ ló wà! Ó ti ń jẹ ẹja rẹ tán!"

Orí mẹ́wàá yí padà, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó jalè.

"Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ la ẹnu yín! Mo ti fagi lé òfin náà!"

Ariwo sọ! "Yí padà!" ni Rédíò ń ké, "ẹ̀gbẹ́ ibí kọ́, tọ̀hún ni! Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni?" Àwọn ìbejì ti dé ẹsẹ̀ ìtàgé, wọ́n fẹ́ fa ìrù. Ọmọkùnrin kan bú sẹ́kún. Ọ̀nì ṣí orí rẹ̀, ó fi ojú èèyàn hàn án, ó ní kó wá bá òun dé e padà. Ọmọ nu imú, ó dé e fún un. Apẹja rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó kàn láti sọ.

Nígbà tí wọ́n parí, olùdarí wá bá ìyá.

"Ìyá, kí ló ṣe wọ́n níbẹ̀rẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo rò pé ẹ máa lé wa jáde."

Olùdarí wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ìtàgé. "Ẹ fẹ́ pa mí! Mo ti ń ronú bí mo ṣe máa tún gbogbo eré kọ. Ó dáa. Oṣooṣù. Ní èló?"

Ìyá ò bojú wẹ̀yìn mọ́. "Owó búrẹ́dì kan, mà."

"Ó kéré jù."

"Ẹni tó ní ọmọ mẹ́ta ńkọ́? Búrẹ́dì mẹ́ta nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá gbà á bẹ́ẹ̀, gbogbo àga yìí ló máa kún. Tẹ́ ò bá gbà á, ẹ ó máa ṣeré fún àga."

"Mo gbà, mo gbà. Màá kọ ọ́ síwèé, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta."

"Ẹ kọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ sí i. Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tó máa gbà. Ẹ kọ ọ́ pé iná ò ní kú tán, kí ọkàn àwọn ìyá wọn lè balẹ̀."

Olùdarí yọ pẹ́ńsùlù kúrò nínú irun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ìyá dúró tì í, ó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa kan owó, ó ti kọ ọ́ dé ìsàlẹ̀ ìwé. Ìyá bá na ìka sí i.

"Lókè pátápátá ni kẹ́ ẹ kọ owó yẹn sí, mà. Kó sì tóbi."