Ẹkún Ìyá Pius

Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ọnà ìgbà ọlidé gígùn ní Ìkẹ́rẹ́ sọ pé àwọn fẹ́ fi fíìmù Oyèkọ́lá han ìlú, kí òun fúnra rẹ̀ sì dáhùn ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé kò ro ohun mìíràn. Ọmọ ìlú ni, Ìbàdàn ló ti ń ṣe fíìmù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni, gbogbo èèyàn ló sì ń wá ẹni tí wọn yóò fi yangàn.

Àfi ìgbà tó wọ gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó rí Ìyá Pius lórí àga iwájú, tó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni ìyá yìí, òun ló tọ́ ọ láti kékeré, "ọmọ mi" ló sì máa ń pè é fún àlejò.

"Àwa la ránṣẹ́ pè wọ́n," ni Arábìnrin Mojírádé wí, olùkọ́ tí yóò darí ìjíròrò. "A fẹ́ kí inú yín dùn ni."

Oyèkọ́lá kí ìyá, ó sì lọ jókòó.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó kòkó dojú dé lọ́nà Ìgbàrà-Odò, Pius awakọ̀ rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, sì bá a lọ. Ẹbí ní kí Oyèkọ́lá gbé kámẹ́rà wá, kí àwọn tó wà lókèèrè lè rí ìsìnkú. Nígbà tí wọ́n gbé òkú wọ àgbàlá, ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀. Kámẹ́rà kò kúrò lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, Oyèkọ́lá ń ṣe fíìmù, òṣèré tó gbà kò sì mọ ẹkún í sun. Ó bá gé ẹkún Ìyá Pius láti inú fídíò ìsìnkú, ó fi í sínú fíìmù náà, ó yọ orúkọ Pius kúrò nínú ohùn. Ìyá olè tí wọ́n lù pa lọ́jà ló fi í ṣe. Ó ní ìyá kò ní fídíò nílé, níbo ni yóò ti rí i?

Nínú gbọ̀ngàn, ó dìde láti lọ bá Abíọ́lá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, kó ní kó fo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n Abíọ́lá yóò béèrè ìdí. Kí ló fẹ́ sọ? Ó padà lọ jókòó.

Ibẹ̀ dé. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ẹ wo ohun tí ọmọ olè fojú ìyá rẹ̀ rí!" Oyèkọ́lá kò lè wo àga iwájú.

Wọ́n tan iná, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba makirofóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ìyá àgbà tó sunkún yẹn? N kò rí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ rí."

"Òṣèré kan ni," ni Oyèkọ́lá dáhùn. "Òṣogbo ló ti wá."

Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀. Ìyá Pius sì dìde.

"Èmi ni," ó wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn gbọ́. "Pius mi kò jalè rí. Mojírádé, mú mi lọ ulé."

Oyèkọ́lá sáré tẹ̀ lé wọn, ó nawọ́ láti di apá rẹ̀ mú. Ìyá rọra yọ apá rẹ̀ kúrò. Ó wọ mọ́tò Mojírádé, wọ́n lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Oyèkọ́lá bá ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ẹ foríjì mí, Mọ̀ọ́mì. N ó gé e kúrò. Ìlú Ìsẹ̀ ló kàn, a ò ní fi í hàn níbẹ̀ mọ́."

"Àwọn tó ti wò ó ńkọ́?"

Ìyá ju òkúta wẹ́wẹ́ kan nù.

"Lọ́jọ́ yẹn," ó ní, "mo rí ọ níwájú mi, mo ní ó kéré tán, ọmọ kan ṣì kù fún mi tó ń bá mi sunkún. Àṣé iṣẹ́ lò ń ṣe."

Oyèkọ́lá lọ sí Ìsẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti to àga sílẹ̀ dè é. Ó dúró níwájú wọn láìsí fíìmù, ó sọ ẹni tí ẹkún náà jẹ́ tirẹ̀, ó sọ pé Pius kì í ṣe olè, pé awakọ̀ tó ń bọ́ ìyá rẹ̀ ni. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan dìde lọ. Kò bẹ̀ wọ́n.

Ó ń lọ kí ìyá lóṣooṣù báyìí. Ìyá ń dáhùn, ó sì ń fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n tí àlejò bá wọlé tó béèrè pé ta nìyí, á ní, "Ọmọ àbúrò mi ni, ará Ìbàdàn." Oyèkọ́lá á tẹrí ba, á máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ lọ.