Ilẹ̀ Ẹ̀yìn Pẹpẹ

Ó-Tẹ́jú ni wọ́n ń pè mí. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá mi sọ mí, àmọ́ òun ni gbogbo ẹni tó bá ti wá bíríkìlà rí fi mọ̀ mí. Ìgbàkígbà tí mo bá parí ilẹ̀ yàrá kan, màá dìde, màá gbọn sìmẹ́ńtì kúrò lórúnkún, màá sì kéde pé, "Ó tẹ́jú!" Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn, àfi obìnrin kan ṣoṣo, mo sì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara mi, ìbàdí ọ̀tún mi kán. Dókítà ṣí i, ó fi irin sí i, ó rán an. Ni wọ́n bá fà mí lé Tíṣà Ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Àwa aláìsàn la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ọmọbìnrin kúkúrú kan tó ń kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn, tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ "ẹ pẹ̀lẹ́". Ó ní tí mo bá lè rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá òun dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìmú ọ̀pá, tí n kò sì yà kúrò lórí ìlà pupa tí wọ́n kùn sílẹ̀, òun á buwọ́ lùwé pé mo lè padà sí ilé mi lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Tí mi ò bá lè ṣe é, ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni kí n kúkú máa gbé.

Àkọ́bí mi obìnrin, aránṣọ ni, ọmọ dáadáa sì ni. Ṣùgbọ́n nílé rẹ̀, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ ń pariwo, yàrá tó tọ́jú dè mí kò sì ní fèrèsé. Ilé tèmi, ọwọ́ mi ni mo fi to gbogbo bùlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá àwọn ọmọ mi kú sí. Mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ẹ̀rù ń bà mí.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀ ní ọsibítù, tí wọ́n ní kí n máa ti ọ̀dọ̀ ọmọ mi wá gbàtọ́jú, Tíṣà Ẹsẹ̀ kìlọ̀ fún mi. "Ẹ máa rìn lójoojúmọ́, bàbá. Ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, tí ẹ ti máa rí ògiri dì mú, tẹ́nikẹ́ni ò ti ní kọlù yín."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ tó tẹ́jú? Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọ̀nà tóóró kan wà tó yí ẹ̀yìn pẹpẹ po bí ìdajì òrùka. Èmi ni mo tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó pé ọdún méjìlélógún. Nígbà tí mo lọ gbàyè lọ́wọ́ àlùfáà, ó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń pe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń pe irú aláìsàn bíi tèmi, tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ rí dókítà tó sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó ní ìrìn ni ìdí méjèèjì. "Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ti ń retí yín," ó wí, ó sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Òfin ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ẹnu ọ̀nà ọ̀tún lèèyàn ń gbà wọlé, ti òsì ló ń gbà jáde, kí èèyàn méjì má baà forí gbárí ní kọ̀rọ̀. Mo pa òfin náà mọ́ kódà nígbà tí mo bá dá wà. Ìyípo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ju ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìyá Agbálẹ̀ ló máa ń bá mi níbẹ̀, òun ni obìnrin tí mo wí.

"Baba Ó-Tẹ́jú, ẹ rọra o. Omi ti tún dúró lápá òsì."

"Omi kankan ò dúró."

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń fi aṣọ gbé e! Tí mo bá ti da omi síbí, ògiri pẹpẹ ló ń sá lọ bí ewúrẹ́ tó gbúròó èèpo iṣu."

"Bí ẹ ṣe ń nulẹ̀ ló ń tì í lọ síbẹ̀."

Ó pòṣé, ó gbé garawa rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá àwọn tó mọ̀ ọ́n tẹ́."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mo wọ bàtà tuntun, ọmọ mi tẹ̀ lé mi. Mo gbéra bí ọkọ ìyàwó. Ìgbà tí mo fi máa rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ìlà pupa ti wà lápá ọ̀tún mi lọ́hùn-ún. Mo tún un rìn, bákan náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, èjìká òsì mi gbá ògiri.

Tíṣà Ẹsẹ̀ kọ nǹkan sínú fáìlì. "Bàbá, ẹ ń sá fún ẹsẹ̀ ọ̀tún yín. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ò gbé yín. Gbogbo ara yín ló ń wọ́ lọ sósì."

Ọmọ mi di apá mi mú. "Bàámi, ẹ má banú jẹ́. Màá ní kí kápẹ́ńtà la fèrèsé sí yàrá yẹn."

Ọ̀rọ̀ rere tó sọ yẹn ló dùn mí jù. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹsẹ̀ náà ò ro mí, agbára wà níbẹ̀. Kí ló wá ń gbé mi lọ sósì? Ni omi Ìyá Agbálẹ̀ bá sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo tẹ́ ilẹ̀ yẹn, irinṣẹ́ olómi tí a fi ń wò ó bóyá ilẹ̀ dọ́gba bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Ìyàsímímọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ku ọ̀la. Mo ní ojú mi tó mi, mo fojú tẹ́ ẹ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fọ ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí omi forí lé, mo sì gbẹ́nu dákẹ́. Mo wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ẹsẹ̀ mi lórí rẹ̀, ojú kan náà ni mo ń kọ sí nígbà gbogbo, ògiri pẹpẹ sì máa ń wà lósì mi.

Nínú kí ẹsẹ̀ mi bàjẹ́ àti kí ilẹ̀ mi bàjẹ́, ọ̀kan ni mo gbọ́dọ̀ mú. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀, ilé mi lọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ilẹ̀, orúkọ mi lọ nìyẹn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé ẹsẹ̀ ni.

"Tíṣà," mo wí, "jọ̀ọ́, bá mi dé ṣọ́ọ̀ṣì."

Ó bá wa lọ nígbà tó ṣíwọ́. Mo ní kí Ìyá Agbálẹ̀ bá mi pọn omi kún garawa. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀, ó lọ pọn ọ́n. Mo rọra dà á sẹ́bàá ògiri tó kọjú sí ti pẹpẹ. Omi náà dúró díẹ̀, ó kó ara rẹ̀ jọ, ó sì forí lé ògiri pẹpẹ. Ẹ̀kán kan ò ṣẹ́ kù sẹ́yìn.

"Ẹsẹ̀ mi kọ́," mo wí. "Ilẹ̀ mi ló wọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti tẹ́ ẹ ló ti wọ́."

Mo retí kí Ìyá Agbálẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kàn ní, "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún..."

"Ẹ parí ẹ, ìyá. Ó tọ́ sí mi."

"Ẹ ti bá mi parí ẹ."

Tíṣà Ẹsẹ̀ lóṣòó, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. "Bàbá, láti ọ̀la lọ, ẹnu ọ̀nà òsì ni kẹ́ ẹ máa gbà wọlé. Ọ̀tún yín ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà máa wà, tó bá fẹ́, tó bá kọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún á gbé yín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín."

Àlùfáà gbà kí n rú òfin. Ìyá Agbálẹ̀ ló ń dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ̀tún kí ẹnikẹ́ni má baà pàdé mi. "Ẹ má wọlé o! Baba Ilẹ̀-Wọ́ ń bọ̀!" Kó tó di ọjọ́ kẹrin, bí gbogbo ìjọ ṣe ń pè mí nìyẹn. Mo ń dáhùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gun orí ìlà pupa, n kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kan ògiri ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tíṣà Ẹsẹ̀ buwọ́ lùwé. Ọmọ mi ń nu ojú.

"Kápẹ́ńtà mà ti la fèrèsé yẹn, Bàámi."

"Ẹ̀rọ rẹ ni kó o gbé síbẹ̀," mo wí. "Ìwọ náà nílò atẹ́gùn."

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Tíṣà gbà mí láyè láti kúnlẹ̀. Mo ra irinṣẹ́ olómi tuntun, mo fọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìn pẹpẹ, mo tún un tẹ́. Lọ́jọ́ tó gbẹ, mo dúró, mi ò sọ nǹkan kan. Ìyá Agbálẹ̀ gbé garawa rẹ̀ dé, ó da omi sílẹ̀. Omi tàn ká, kò mọ ibi tó máa lọ. Obìnrin náà wò ó títí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Ó tẹ́jú," ó wí.