Ọdẹ Ìgò àti Àgbá Ìkẹyìn

Ojú wọn ṣe mẹ́rin níbi tí èrò ti ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọtí. Màdámú tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ ni, làwọn tó wà lẹ́yìn bá rò pé ọjà ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n rọ́ síwájú. Ọkùnrin tó wà níwájú Àbíkẹ́yìn yíjú padà láti wo ẹni tó tẹ òun ní gìgísẹ̀. Ojú tútù ló ní, ojú ẹni tí kì í kánjú. Fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, Àbíkẹ́yìn gbàgbé òtútù àárọ̀ tó ti wọ̀ ọ́ léegun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó gbé e wá.

"Ẹ má bínú," ló sọ. "Wọ́n tì mí ni."

"Kò sí wàhálà. Ẹ̀yọ kan lẹ tẹ̀, méjì ni mo ní."

Màdámú pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ìgò mẹ́fà péré ni wọ́n kó fún mi. Ẹnì kan, ìgò kan. Káàdì ni màá pín. Ẹni tí káàdì ò bá kàn, kó máa lọ sílé ní àlàáfíà. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé àbúrò ọkọ mi lòun o, n ò lọ́kọ."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Káàdì kẹfà bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin olójú tútù náà. Nígbà tí Màdámú dé iwájú Àbíkẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo.

"Ó tán, ọmọ mi."

Kì í ṣe ọtí ojoojúmọ́ ni wọ́n tò fún láti ìdájí. Wisikí tí wọ́n fi àgbàdo ṣe ni, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́bọ̀nù, ṣùgbọ́n irú tí àwọn tó ń wá a kiri sọ lórúkọ pé Àìbomilà. Bó ṣe jáde látinú àgbá onígi ni wọ́n ṣe rọ ọ́ sínú ìgò. Wọn kò fi ẹ̀kán omi kan là á, ó sì le débi pé òórùn rẹ̀ nìkan lè mú omi jáde lójú èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni iléeṣẹ́ ọtí ń gbé e jáde, látinú àgbá kan ṣoṣo, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà àgbá náà sára ìgò. Bó bá ti tán, ó tán títí ayé nìyẹn.

Àgbá igba-lé-méjìlá ló kàn lọ́dún yìí. Bàbá Àbíkẹ́yìn ló sì kan àgbá náà.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣe káfíńtà àgbá níléeṣẹ́ náà. Kí wọ́n tó da ọtí sínú àgbá tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ fi iná jó inú rẹ̀, torí igi tó jó yẹn ló ń fún ọtí ní àwọ̀ àti adùn. Bàbá kì í lo aago. Ẹnu ló fi ń kà á: bó bá ti ka márùndínlọ́gọ́ta, á pa iná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tó ń jó igba-lé-méjìlá, omijé bò ó lójú, iye tó kà sì pòórá lọ́kàn rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá àádọ́ta lòun kà ni àbí àádọ́rin. Kò sọ fún ẹnì kankan níbi iṣẹ́. Ó dé àgbá náà, ó lọ sílé, ó kọ lẹ́tà kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni: *Sí ẹni tó bá mu nínú àgbá igba-lé-méjìlá.* Ẹ̀bẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló gbé e fún pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

"Tí mo bá ba ìkẹyìn jẹ́," Bàbá máa ń sọ, "ta ló máa rántí àwọn tó ṣáájú?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀: ẹ̀mí á wà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ahọ́n rẹ̀ má mọ adùn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá béèrè: bóyá òun lè tọ́ ọtí àgbá náà wò ṣáájú ọjọ́ yẹn. Dókítà wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀kán kan ò lè pa yín." Ìdí rèé tí Àbíkẹ́yìn fi jí ní aago mẹ́rin, tó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, tó sì wá tò sẹ́yìn àwọn tí kò mọ̀ rí.

Ó dúró síta títí ọkùnrin náà fi jáde. Ọkùnrin náà gbé ìgò rẹ̀ mọ́yà bí ọmọ tuntun.

"Ọdẹ Ìgò!" ẹnì kan kígbe látinú èrò. "Ó tún ti pa á!"

Àbíkẹ́yìn sún mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀."

"Ṣé ẹ ò ríran dáadáa ni?"

"Mo ríran. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ní in ni."

"Igba-lé-méjìlá," ọkùnrin náà kà. Ìgbà yẹn ni ẹkún gba ẹnu Àbíkẹ́yìn. Bó ṣe ń fi apá aṣọ nu ojú ló ń ro gbogbo rẹ̀ fún un: àgbá, iná, iye tó sọnù, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìgò mẹ́jọ ló wà nílé mi," ó sọ níkẹyìn, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́. "Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin fún wákàtí mọ́kànlá nítorí ọ̀kan. Mo ti dúró nínú òjò títí bàtà mi fi ya. Èyí ló sọ wọ́n di mẹ́sàn-án. N kì í ṣí wọn. Tí mo bá ṣí ọ̀kan, kò tún sí irú rẹ̀ láyé mọ́."

Inú ń bí Àbíkẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó yà á lẹ́nu pé ọkàn òun ń kan sáárá sí i. Ta ló tún ń ní irú sùúrù yìí lóde òní?

"Mo gbọ́," ó ní. "Àmọ́ kì í ṣe wíwò ni Bàbá mi kàn án fún."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń ka orúkọ ilé ìfọṣọ tí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, èéfín omi gbígbóná kún ilé ìfọṣọ, aṣọ ibùsùn funfun sì ga níwájú Àbíkẹ́yìn bí òkè. Àǹtí tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ yọrí wọlé.

"Ọkùnrin kan ń béèrè ẹ níwájú. Ó gbé ẹ̀wù funfun kan dání. Ẹ̀wù ọ̀hún mọ́ ju ẹ̀rí ọkàn mi lọ."

"Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù."

"Èmi kọ́ ló yẹ kí n ṣe sùúrù. Ṣe irun ẹ dáadáa kó o tó jáde!"

Ọdẹ Ìgò dúró nídìí káńtà. Ó na ẹ̀wù náà sí i. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fọ̀ ọ́."

Àbíkẹ́yìn yẹ kọ́là wò, ó yẹ ọwọ́ méjèèjì wò. "Kí ni kí n fọ̀ lára rẹ̀?"

"Ẹ ṣáà wá nǹkan kan." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. "Aago ni mò ń tún ṣe. Bí nǹkan kékeré kan bá ń dún bí kò ṣe yẹ, n kì í lè sùn. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ yín ti ń dún létí mi. Ìgò yẹn wà nínú báàgì mi. Mo fẹ́ kí Bàbá rí i. Rírí nìkan o."

Àbíkẹ́yìn gbé ẹ̀wù náà kọ́. "Ẹ dúró dè mí. Aago méjì ni mò ń parí iṣẹ́."

"Dídúró," ó ní, "ìyẹn ò lè ṣòro fún mi."

Bàbá jókòó sídìí fèrèsé níyàrá òkè, ọwọ́ rẹ̀ ńlá méjèèjì lórí orúnkún. Àpá iná wà káàkiri lẹ́yìn ọwọ́ náà. Nígbà tí Ọdẹ Ìgò gbé ìgò fún un, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Oòrùn kọjá nínú ọtí náà, ó tàn bí oyin sára ògiri.

"Àwọ̀ rẹ̀ dára," ó sọ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó há. "Àmọ́ àwọ̀ máa ń purọ́. Ọmọ mi, báwo lo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?"

"Bí mo ṣe ń tọ́jú àwọn yòókù, sà. Màá tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ lórí pẹpẹ, kí ọtí lè máa rin kọ́ọ̀kì tó dí ẹnu rẹ̀ kó má baà gbẹ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Àbíkẹ́yìn sáré fọwọ́ lù ú lẹ́yìn.

"Wáìnì ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀! Èyí tó le tó yìí? Bí ikán ṣe ń jẹ igi ló ṣe máa jẹ kọ́ọ̀kì yẹn. Òòró ni wọ́n ń gbé e dúró, òòró!"

Ojú Ọdẹ Ìgò rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. "Ọtí inú èyí tí mo kọ́kọ́ rà ti fà sísàlẹ̀ tó ìka méjì," ó rọra sọ. "Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí."

"Ó ti ń jò. Ó ṣeé ṣe kí àwọn míì náà ti bàjẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá na ọwọ́, ó dì í lápá mú.

"Gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan àgbá nínú ilé tí kò ní fèrèsé. N ò mọ̀ rí pé ẹnì kan wà níta tó ń dúró nínú òjò nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ò ń tọ́jú rẹ̀ láìmọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, àmọ́ o fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni iyì ni ọ́ lójú tèmi."

Ọdẹ Ìgò gba ìgò náà padà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ki èékánná bọ ìda tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀, ó sì fà á ya.

"Ẹ dúró!" Àbíkẹ́yìn kígbe. "Ó ti pé mẹ́sàn-án!"

"Ó pé. Mo ti kà á." Kọ́ọ̀kì dún pó. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ife."

Ẹ̀kán kan ni wọ́n dà sí ti Bàbá, Àbíkẹ́yìn sì fi ẹ̀kán omi kan sí i nítorí ọ̀fun rẹ̀. Òórùn igi jíjó àti ṣúgà jíjó gba yàrá. Bàbá fi kan ahọ́n, ó pa ojú dé. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àbíkẹ́yìn mọ ohun tó ń ṣe: ó ń ka iná. Ó ń kà á lọ títí ètè náà fi dúró.

"Ọgọ́ta," Bàbá sọ. Omi dà lójú rẹ̀. "Mo fi márùn-ún lé e. Gbogbo èyí tí mo kà pé láyé mi, kò sí èyí tó dùn tó o."

Ọdẹ Ìgò gbé tirẹ̀ mì. Ó wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó na ìka sí ìgò náà bí ẹni tó rí olè. "Ọdún mẹ́sàn-án! Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ń wo nǹkan yìí!"

Ẹ̀rín pa Bàbá. Nígbà tó sinmi tán, ó ní, "Àbíkẹ́yìn, lẹ́tà yẹn dà?"

"Ṣé kí n jó o ni, Bàbá? Ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ò wúlò mọ́."

"Ṣé o máa jó lẹ́tà onílẹ́tà ni? Ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ọkùnrin yìí ò tíì mu ún ni?"

Àbíkẹ́yìn wọ yàrá tirẹ̀, ó yọ àpòòwé náà lábẹ́ àwọn aṣọ tó ká. Ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó dúró díẹ̀, ó mú báírò, ó kọ ìlà kan sábẹ́ ìkọ̀wé Bàbá. Nígbà tó fi jáde, Ọdẹ Ìgò ti dágbére. Ó ti fi ìgò náà sílẹ̀ lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ní òòró. Ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni Àbíkẹ́yìn ti bá a.

"Ẹ gbàgbé nǹkan."

"Bàbá ni mo fi ìgò sílẹ̀ fún."

"Mi ò sọ ti ìgò." Ó na lẹ́tà náà sí i.

Ọkùnrin náà di etí lẹ́tà náà kan mú, Àbíkẹ́yìn ò sì tíì fi èkejì sílẹ̀. Ó ka ìkọ̀wé àgbàlagbà náà. Ó wá ka ìlà tí yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ: *Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.*

Ó gbójú sókè. Ojú wọn ṣe mẹ́rin lẹ́ẹ̀kejì, kò sì sí èrò kankan tó ń ti ẹnikẹ́ni.

"Káàdì kelòó ló máa kàn mí?" ó béèrè.

"Èkíní," Àbíkẹ́yìn dáhùn, ó sì fi lẹ́tà náà sílẹ̀ fún un.