Àpótí Tí Kì Í Bá Ẹgbẹ́ Jẹun

Ní ilé orin abẹ́lẹ̀ kan ní ìlú Amagasaki, ní Japan, ẹgbẹ́ tí yóò kọ́kọ́ ṣeré ni ó ń dán ohun èlò wò kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ tí Chigusa ti ń ta gìtá ni yóò kọ́kọ́ ṣeré. Ìṣẹ́jú márùndínlógún péré ni wọ́n ní.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lù. Chigusa kí Ọ̀gá Kuramochi, tí ó ń ṣàkóso ohùn, pé ẹ káàárọ̀, bí àwọn òṣèré ti máa ń kí ara wọn nígbàkígbà. Ó gbé pátákó rẹ̀ kalẹ̀. Àpótí kékeré mẹ́fà ni ó wà lórí rẹ̀, tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Orísun iná kan ṣoṣo ni yóò bọ́ gbogbo wọn. Bàbá rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ṣe ìkẹfà ní ọdún 1971. Bàbá náà ti kú ní oṣù kejì ọdún náà. Orin rẹ̀ ni wọn yóò fi parí eré, ìyá Chigusa sì ń bọ̀ wá gbọ́ ọ. Kò sí àpótí mìíràn tí ó ní ohùn tí orin náà ń fẹ́.

Bátìrì ni àpótí náà ń lò tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Chigusa yọ wáyà bátìrì rẹ̀, ó sì gbẹ́ ihò sí i kí ó lè bá àwọn yòókù pín iná. Ó dán àpótí náà nìkan wò. Ó dún.

Nísinsìnyí tí ó so mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, gbogbo iná wọn kú.

Sawaki, tí ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pa gbogbo wọn pátá." Ó ní kí wọ́n yọ ti bàbá kúrò, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Màámi á mọ̀."

Kuramochi gun orí pèpéle, ó ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti yọ ìkẹfà, márùn-ún yòókù tan. Ó ṣí i wò. Ó béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ihò náà. Chigusa ní òun ni.

Kuramochi ṣàlàyé pé nínú àwọn tuntun, ẹ̀gbẹ́ iná tó ní àmì ìyọkúrò ni ó kan irin ara àpótí. Nínú ti àtijọ́ yìí, ẹ̀gbẹ́ àmì àròpọ̀ ni. Bí wáyà tí ohùn gìtá ń gbà bá so irin àpótí méjèèjì pọ̀, iná kọlu iná, orísun náà a sì pa ara rẹ̀ kí ó má baà jó.

"Kò bàjẹ́ o," ni ó wí. "Baba yìí ni kì í bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan. Ẹ bu tiẹ̀ fún un lọ́tọ̀. Wáyà bátìrì yẹn ńkọ́?"

Ó wà nínú àpò gìtá. Chigusa kò lè sọ ọ́ nù.

Kuramochi fi iná mànàmáná sí irin ìjó-òjé, kí ó lè fi lẹ wáyà náà padà. Sawaki kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun. Ó sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìkóríta, ó sì mú bátìrì méjì bọ̀. Ó ní ọ̀kan fún baba, èkejì fún ọjọ́ míì.

Àkókò tán kí wáyà tó tutù. Wọn kò ráyè dán ohùn àpótí náà wò rárá. Ìlẹ̀kùn ṣí fún àwọn òǹwòran. Ìyá Chigusa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbé àpamọ́wọ́ lé itan.

Nígbà tí orin ìkẹyìn kàn, Chigusa fi ẹsẹ̀ tẹ ìkẹfà. Iná àwọn yòókù kò kú. Ohùn náà jáde, ó nípọn, ó ń ha.

Lẹ́yìn eré, ó lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ó ṣì ń ha," ni ìyá náà wí. "Mo ti sọ fún bàbá ẹ títí pé kó tún un ṣe." Ó dìde. "Ìgbà wo lẹ tún máa ṣeré?"